Límítì wà lára géètì, síbẹ̀ ó ń kọlu òpó: bí a ṣe ń so súwíìṣì òpin àti sẹ́ńsọ̀ mọ́ dráìfù mọ́tò

Géètì oníná ti pọ̀ ní Òṣogbo. Láti Òkè-Fíà dé Ògo-Olúwa, ẹ ó rí ilé tí wọ́n ń fi rìmóòtù ṣí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí géètì á máa yí lọ lórí irin gbọọrọ. Àwọn oníṣòwò tó ń kó ọjà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ti ń ra ẹ̀rọ agbẹ́rù, kí alábàárù má baà máa fi orí ru àpò ìrẹsì gun àtẹ̀gùn. Ohun kan náà ló sábà máa ń ba ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́: wọn kì í dúró níbi tó yẹ kí wọ́n dúró. Géètì á jáde kúrò lórí irin rẹ̀, tàbí kó fi gbogbo agbára kọlu òpó. Ẹ̀rọ agbẹ́rù á fa okùn irin dé òkè pátápátá, á sì máa fà á lọ títí okùn á fi já. Bí ẹ bá bi ẹni tó ni ín léèrè, á ní, "Ẹnjiníà, súwíìṣì wà níbẹ̀ o. Ojú mi ni wọ́n ṣe dè é."

Súwíìṣì òpin, tí oníná ń pè ní límítì, wà níbẹ̀ lóòótọ́: òun ló yẹ kó sọ fún ẹ̀rọ pé ó ti dé òpin. Bí wọ́n ṣe so wáyà rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà yìí fún ẹni tó ni ẹ̀rọ àti fún ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná lọ́wọ́, torí ewu tó wà níbẹ̀ ju owó àtúnṣe lọ. Géètì onírin tó wúwo lè tẹ ọmọdé mọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ ká ti orí dráìfù bẹ̀rẹ̀. Dráìfù ni àpótí tó wà láàárín iná ilé àti mọ́tò. Òun ló ń pinnu bí mọ́tò ṣe máa yára tó àti apá ibi tó máa yí sí. Àwọn kan ń pè é ní inverter, ṣùgbọ́n kò jọ inverter oníbátìrì tí à ń lò nílé. Ojú wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára rẹ̀. Àwọn ńláńlá ni iná ń gbà wọlé, tó sì ń gbà jáde lọ sọ́dọ̀ mọ́tò: R, S, T ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ibi àbáwọlé, U, V, W sí ibi àbájáde. Àwọn kéékèèké ni ojú àṣẹ. Iná fóòtì 24 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ibẹ̀ sì ni dráìfù ti ń gbọ́ pé kó lọ síwájú, kó padà sẹ́yìn, tàbí kó dúró.

Ojú kéékèèké yìí ni límítì gbọ́dọ̀ máa bá sọ̀rọ̀. Oníná tó ti pẹ́ tó ti ń so mọ́tò mọ́ contactor (súwíìṣì ńlá tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa) láìsí dráìfù lè fẹ́ fi límítì já iná tó ń lọ sọ́dọ̀ mọ́tò gan-an. Ẹ má gbà fún un. Bí wáyà U, V tàbí W bá já nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iná á ta pàrà lójú ibi tó ti já, ohun èlò inú dráìfù sì lè bàjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dráìfù kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó dúró. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí iná 220 kan ojú kéékèèké wọ̀nyí láé. Ó máa jó ni.

Ẹ mú límítì súwíìṣì kan lọ́wọ́, irú èyí tó ní apá gígùn tí kẹ̀kẹ́ kékeré wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá tú ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí ojú wáyà. Lára àwọn kékeré, mẹ́ta ni: COM (ojú àjùmọ̀lò), NO (normally open, tó ṣí sílẹ̀ bí a kò bá tì í) àti NC (normally closed, tó so pọ̀ bí a kò bá tì í). Lára àwọn ńlá, nọ́ńbà ni wọ́n kọ: méjì tó parí sí 1 àti 2 ni NC, méjì tó parí sí 3 àti 4 ni NO. Ẹ gbé míta tí oníná fi ń yẹ wáyà wò sí ibi tó ti máa ń dún. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan COM, kí ẹ fi ìkejì kan NC. Á dún, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan apá súwíìṣì. Ẹ ti apá náà, ó dákẹ́. Ẹ wá gbé ẹnu kejì lọ sórí NO: ó dákẹ́, ìgbà tí ẹ bá ti apá náà ló tó dún. Gbogbo ohun tó wà nínú súwíìṣì yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èwo ló yẹ ká lò? Ó rọrùn láti rò pé NO ni. Géètì dé òpin, ó ti apá súwíìṣì, wáyà so pọ̀, dráìfù gbọ́ pé ó ti dé, ó dúró. Bí ẹ bá dán an wò lọ́jọ́ tí wọ́n dè é, á ṣiṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ọjọ́ tí eku bá gé wáyà, tí ìpẹtà bá jẹ ojú rẹ̀, tàbí tí ẹni tó ń ro oko bá fi ọkọ́ gé e nínú ilẹ̀, kò sóhun tó máa yí padà lójú ẹnikẹ́ni. Géètì á ṣì máa ṣí, á máa lọ, á dé òpin, á ti apá súwíìṣì, ìròyìn kò sì ní dé. Dráìfù kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wáyà tó ti já àti géètì tí kò tíì dé òpin.

NC yí ọ̀rọ̀ náà padà. Iná ń kọjá nínú wáyà ní gbogbo ìgbà tí àyè bá ṣì wà láti rìn. Géètì dé òpin, iná gé, ẹ̀rọ dúró. Eku gé wáyà, iná gé, ẹ̀rọ dúró. Àpótí iná fóòtì 24 kú, ẹ̀rọ dúró. Súwíìṣì já bọ́ tòun ti wáyà rẹ̀, ẹ̀rọ dúró. Ẹ fi wé ọlọ́dẹ àdúgbò tó ń fọn fèrè ní wákàtí wákàtí láti fi hàn pé kò sí nǹkan. Bí ẹ ò bá gbọ́ fèrè, ẹ ti mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ dìde. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí olè bá dé nìkan ló máa fọn fèrè, bí olè bá kọ́kọ́ dì í lẹ́nu, ẹ ó sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ níbí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Ìgbà míì ẹ̀rọ oní-NC máa kọ̀ láti rìn lówùúrọ̀ torí wáyà kan ṣoṣo, inú ẹni tó ni ín á sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́. Oníná á wá, á rí wáyà náà láàárín wákàtí kan.

NC tún ní àǹfààní mìíràn tí ọ̀pọ̀ oníná kì í wò. Lára súwíìṣì tó dáa, wọ́n máa ń tẹ àmì kan: òbìrí kékeré tí ọfà wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí irin méjì tó wà nínú rẹ̀ bá tilẹ̀ jó lẹ̀ mọ́ra, bí géètì ṣe ń ti apá súwíìṣì ló máa fi tipátipá já wọn kúrò lára ara wọn, kò ní dúró de sípíríǹgì. Ojú NC nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń ra súwíìṣì fún ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè, ẹ wá àmì yẹn lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ó kan apá tí ẹ̀rọ ń lọ. Límítì méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní apá tó ń ṣọ́. Límítì ibi ìṣí gbọ́dọ̀ dá ṣíṣí nìkan dúró, kó sì gbà kí géètì padà wá tì. Bí ó bá gé àṣẹ méjèèjì, géètì á dé òpin, á sì há síbẹ̀. Ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹnì kan á fi wáyà kékeré so ojú súwíìṣì pọ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ, a kò sì ní límítì mọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ láti so ó nìyí. Wáyà tó ń gbé àṣẹ "síwájú" lọ sí ojú FWD lára dráìfù, kí ó kọ́kọ́ gba inú NC límítì ibi ìṣí kọjá. Wáyà tó ń gbé àṣẹ "sẹ́yìn" lọ sí ojú REV, kí ó gba inú NC límítì ibi ìtì. Bí géètì bá ṣí dé òpin, àṣẹ síwájú gé, àṣẹ sẹ́yìn ṣì wà lódidi. Àwọn dráìfù míì ní ojú tí a lè yàn fún límítì nínú ètò wọn. Ìwé tó bá wọn wá ló máa sọ nọ́ńbà tí ẹ máa tẹ̀. Àwọn dráìfù servo (ti mọ́tò tó ń mọ ibi tó dé gan-an) ní tiwọn tẹ́lẹ̀, POT fún apá kan àti NOT fún apá kejì, púpọ̀ wọn ló sì ń retí NC láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Dráìfù stepper (ti mọ́tò tó ń yí ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀) tó wà lára ẹ̀rọ CNC kéékèèké, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbẹ́ pákó yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní DM542, fún àpẹẹrẹ, kò ní ojú límítì rárá: PUL (ìṣísẹ̀), DIR (apá tó máa yí sí) àti ENA (ìtan àti ìpa dráìfù) ló ní. Pátákó tó ń rán àṣẹ sí i ni kí límítì lọ bá. Ẹ má fi límítì gé ENA. Bí ENA bá pa dráìfù, mọ́tò á tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó gbé sókè á já wálẹ̀.

Ibi tí a máa de súwíìṣì sí wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń dè é sí ibi tí wọ́n fẹ́ kí géètì dúró gan-an. Ẹ̀rọ tó wúwo kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní géètì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sì ti ní kí dráìfù fi ìṣẹ́jú àáyá 2 dín eré rẹ̀ kù títí á fi dúró. Eré rẹ̀ ń ti orí 20 bọ̀ wá sí òdo, nítorí náà 10 ni ìdajì rẹ̀. Ẹ fi 10 lọ́nà 2, ó di 20. Sẹ̀ǹtímítà 20 ni géètì yẹn máa ṣì rìn lẹ́yìn tí límítì ti sọ̀rọ̀. Àwọn dráìfù kan máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10, tí ẹni tó dè é kò sì yí i. Ìṣirò kan náà: mítà 1 odidi. Géètì tí límítì rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí òpó máa kọlu òpó lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sóhun tó ṣe súwíìṣì.

Ẹ má rò pé kí ẹ kàn dín àkókò yẹn kù di òdo ló kù. Bí ẹ bá ní kí ohun tó wúwo dúró lójijì, mọ́tò á máa ti iná padà sínú dráìfù, iná inú rẹ̀ á ga kọjá ààlà, dráìfù á kọ àṣìṣe sí ojú rẹ̀, á sì ju mọ́tò sílẹ̀. Géètì tí ẹ fẹ́ dá dúró á wá máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bákan náà ni bí ẹni tó ṣètò dráìfù bá yàn pé nígbà tí àṣẹ bá gé, kó kàn tú mọ́tò sílẹ̀ dípò kó dín eré rẹ̀ kù. Lójú tèmi, sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń mọ̀ pé géètì ti dé láìfọwọ́ kàn án) méjì ní apá kọ̀ọ̀kan ló dára jù fún ohun tó wúwo. Èyí àkọ́kọ́ á sọ fún dráìfù pé kó máa rọra lọ, ìkejì á ní kó dúró. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ìkejì, eré rẹ̀ ti kéré débi pé kò ní lè ṣe nǹkan.

Irin tó ń ti apá súwíìṣì náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá kúrú jù, géètì tó bá ṣì ń yọ̀ lọ lè kọjá lára súwíìṣì, apá á padà sí ipò rẹ̀, dráìfù á sì gbà pé àyè ti wà láti tún máa lọ. Kí irin yẹn gùn débi tó jẹ́ pé láti ìgbà tó bá ti kan súwíìṣì títí dé ibi tí géètì ti máa kan òpó, kò ní fi í sílẹ̀. Ohun kan náà ni fún sẹ́ńsọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ irin láìfọwọ́ kàn án ti ń gba iṣẹ́ súwíìṣì alápá, ó sì dára fún eruku ọyẹ́ àti òjò wa, torí kò ní ohun tó ń yí tí ìpẹtà lè mú. Àwọ̀ wáyà rẹ̀ kì í dàrú lára èyí tó bá tẹ̀lé ìlànà àgbáyé IEC 60947-5-2: búráùn ni iná fóòtì 24, búlúù ni òdo, dúdú ni èsì. Kí ẹ fiyè sí bó ṣe ń jìnnà tó. Bí wọ́n bá kọ mìlímítà 4 sára rẹ̀, irin lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ohun tí ẹ lẹ̀ mọ́ géètì bá jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí idẹ, ó lè má ríran dé ìdajì ìyẹn. Ẹ wá irin gidi.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù lára sẹ́ńsọ̀ ni PNP àti NPN. Ohun tó wà níbẹ̀ kò le. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ PNP bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á ti iná fóòtì 24 jáde láti ojú wáyà dúdú. NPN á fa wáyà dúdú lọ sọ́dọ̀ òdo. Ojú dráìfù náà gbọ́dọ̀ wà ní ìmúra fún irú èyí tí ẹ mú wá. Lára ọ̀pọ̀ dráìfù, súwíìṣì bíńtín kan wà nítòsí ojú wáyà kéékèèké, tí wọ́n kọ NPN àti PNP sí, tàbí SINK àti SOURCE. Bí kò bá bá sẹ́ńsọ̀ mu, iná kékeré orí sẹ́ńsọ̀ á máa tàn á máa kú dáadáa bí irin ṣe ń kọjá, dráìfù kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti sọ sẹ́ńsọ̀ tó dára nù, tí wọ́n lọ ra òmíràn.

Fún límítì, PNP tó jẹ́ NC ni kí ẹ rà. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wáyà dúdú bá fara gbo títí ara rẹ̀ fi bó, tó wá kan irin géètì. Irin géètì sábà máa ń so mọ́ ilẹ̀, òdo iná 24 náà sì sábà máa ń so mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá lo NPN oní-NC, wáyà tó bó yẹn ń sọ fún dráìfù pé kò sí nǹkan, títí ayé, ibi yòówù kí géètì wà. Bí PNP bá ni, ìròyìn á gé, ẹ̀rọ á dúró.

Bí géètì bá ń dúró láàárín ọ̀nà láìnídìí, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí wáyà gbà kí ẹ tó fẹ̀sùn kan sẹ́ńsọ̀. Wáyà tó ń ti dráìfù lọ sọ́dọ̀ mọ́tò kún fún ariwo iná, torí dráìfù ń tan iná náà ó ń pa á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá wà nínú páìpù kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ariwo yẹn á kó wọ inú rẹ̀. Ẹ ya páìpù wọn sọ́tọ̀, ẹ lo wáyà tí wọ́n fi awọ onírin bò, kí ẹ sì so awọ náà mọ́ ilẹ̀ níbi dráìfù.

Ẹ̀rọ agbẹ́rù ń béèrè ju géètì lọ. Límítì tó ń bá dráìfù sọ̀rọ̀ gbára lé pé ara dráìfù le. Bí dráìfù bá ṣàìsàn ńkọ́? Lókè pátápátá, lẹ́yìn límítì ti ojoojúmọ́, kí límítì ìkẹyìn kan wà tó máa já contactor tó ń gbé iná wọ dráìfù, kó sì jẹ́ kí bíréékì mọ́tò dì mú. Bíréékì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí iná ń tú sílẹ̀, tó sì ń dì mú fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí àpò ìrẹsì wà láàárín méjì, bíréékì ló máa gbé e dúró. Límítì kò lè gbé nǹkan dúró. Ẹ tún rí i dájú pé dráìfù kò ní bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ètò kan wà fún un nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ fásè náà wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí dráìfù, tí mọ́tò fásè mẹ́ta ń gba iná tààrà, bí wọ́n bá tún òpó iná àdúgbò ṣe tí fásè méjì wá pààrọ̀ ara wọn, mọ́tò á máa yí sí òdìkejì. Ẹ tẹ bọ́tìnì "gòkè", ẹrù ń sọ̀kalẹ̀. Límítì òkè ló ń ṣọ́ bọ́tìnì yẹn, nítorí náà kò sóhun tó máa dá ẹrù dúró nísàlẹ̀. Dráìfù gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, torí ó ń sọ iná tó wọlé di DC (irú iná tí bátìrì ń mú jáde) ná, kó tó dá fásè tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú mọ́tò lọ wé wáyà rẹ̀, tí ẹni tó dè é padà sì fi U sí ojú V, ìṣòro náà ti padà wọlé.

Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dán an wò lẹ́yìn àtúnṣe gbogbo. Ẹ gbé géètì sí àárín ọ̀nà, kó máa rọra ṣí, kí ẹnì kan wá fi igi gbígbẹ ti apá límítì ibi ìṣí. Ó gbọ́dọ̀ dúró, kó sì gbà láti tì nígbà tí ẹ bá pàṣẹ. Bó bá ń lọ láìdúró, ó lè jẹ́ pé límítì méjèèjì ti gba ipò ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí oníná pa iná, kó yọ wáyà kan ṣoṣo kúrò lára límítì ibi ìṣí, kó tan iná padà. Ẹ tẹ ṣí: kò gbọ́dọ̀ mira rárá. Ẹ tẹ tì: ó gbọ́dọ̀ lọ. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún límítì kejì, kó sì so gbogbo wáyà padà lójú yín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ bá ní ìdánwò yìí kò pọn dandan, ẹ má tíì san owó tó kù.